Epo, Ọkàn àti Àyànmọ́

Epo pupa ni oúnjẹ Èṣù, àdín sì ni èèwọ̀ rẹ̀. Ọbàtálá ní tirẹ̀ kì í jẹ epo pupa. Òrí ni wọ́n fi ń bọ ọ́.

Ọ̀rá tí ń dì ni ìṣègùn ní tirẹ̀ fi ń ya epo sọ́tọ̀. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú epo kankan tó ti ara igi tàbí ẹ̀pà wá, àmọ́ ọ̀rá tí ń dì yìí a máa mú kí LDL, irú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó ń dí iṣan ọkàn, pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rá yìí tó nǹkan bí 50% nínú epo pupa, 80% nínú àdín, kò sì ju nǹkan bí 20% lọ nínú òróró ẹ̀pà. Pé inú àdín tí Èṣù kọ̀ ló ti pọ̀ jù, kòńgẹ́ lásán ni.

Bí ẹ̀dá bá ti yan orí, ìyẹn àyànmọ́ rẹ̀, lọ́run, kí wá ni ìṣọ́ra nídìí ìkòkò fẹ́ ṣe? Ifá kò fi orí sílẹ̀ ní òun nìkan: ẹsẹ̀, ìyẹn akitiyan ẹni, ló ń mú orí rere dé ibi tó ń lọ. Síbẹ̀, àwọn kan jogún kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù púpọ̀ láti inú ìdílé. Fún wọn, pípààrọ̀ epo nìkan kì í tó, àfi kí oògùn kún un.