Owó Oṣù Ẹnjiníà: Kí Ni Ó Ń Wọ̀n?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ a máa bi olùkọ́ wọn, tí olùkọ́ pàápàá a sì máa bi ara rẹ̀ nígbà tí oṣù bá parí: Èé ṣe tí ẹnjiníà tí ń kọ́ afárá fi ń gba owó tí ó pọ̀ ju ti olùkọ́ tí ó kọ́ ọ ní ìṣirò lọ? Ìbéèrè náà kò kéré, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ọmọdé ni ó ti sábà máa ń jáde. Àwọn kan a yára dáhùn pé ẹni tí owó rẹ̀ bá pọ̀ jù ni ó wúlò jù, nítorí ayé kì í san owó lásán. Àwọn mìíràn a ní ojúsàájú ni gbogbo rẹ̀, pé kò sí ohun tí ń mú kí owó ẹnìkan ju ti ẹnìkejì lọ bí kò ṣe ìrẹ́jẹ. Lójú tiwa, ìdáhùn méjèèjì kù díẹ̀ káàtó. A fẹ́ fi sùúrù yẹ ọ̀ràn náà wò, nítorí ẹni tí kò bá lè ya ohun tí ó tọ́ nínú owó oṣù sọ́tọ̀ kúrò nínú ohun tí kò tọ́, yóò máa jowú níbi tí kò yẹ kí ó jowú, yóò sì máa fara mọ́ ìyà tí kò yẹ kí ó fara mọ́.

Kì í ṣe òní ni àwọn ọlọ́gbọ́n ti ń ro ọ̀ràn yìí. Ní ọdún 1776, Adam Smith, ará Scotland, tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí ọrọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè. Nínú rẹ̀ ni ó ti ka ohun márùn-ún tí ń mú kí owó iṣẹ́ kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. Èkíní ni ìrọ̀rùn tàbí ìnira tí ó wà nínú iṣẹ́ náà. Èkejì ni ìṣòro àti ìnáwó kíkọ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni bí iṣẹ́ náà ṣe ń wà déédéé tàbí bí kò ṣe déédéé. Ẹ̀kẹrin ni bí ohun tí a fi lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ti tóbi tó. Ẹ̀karùn-ún sì ni bí ó ti dájú tó pé ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà yóò rí i ṣe jẹ. Ẹ jẹ́ kí a gbé iṣẹ́ ẹnjiníà ka orí òṣùwọ̀n yìí.

A ó mú kíkọ́ rẹ̀ ṣáájú. Ní Nàìjíríà, ọdún márùn-ún ni ọmọ tí ó jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama yóò fi kọ́ iṣẹ́ yìí ní yunifásítì, bí kò bá sí ìdádúró. Lẹ́yìn èyí, yóò fi ọdún kan sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Yóò sì tún ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà fún ọdún mélòó kan, kí ìgbìmọ̀ COREN, tí òfin dá sílẹ̀ ní 1970, tó lè kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹnjiníà. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà ti gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó ti ń gba owó iṣẹ́, ó sì lè ti fẹ́ aya. Nítorí náà, apá kan nínú owó oṣù ẹnjiníà jẹ́ sísan padà fún àwọn ọdún tí kò fi rí nǹkan gbà. Bí a bá gé apá yìí kúrò, àwọn òbí díẹ̀ ni yóò lè rán ọmọ wọn lọ kọ́ iṣẹ́ náà, ìyà rẹ̀ yóò sì jẹ gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé olùkọ́ tí ó gba oyè ní yunifásítì lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀. Ọdún kan péré kò lè jẹ́ ìdí fún gbogbo ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn.

A kò ní pẹ́ lórí ìnira àti àìdéédéé. Bíríkìlà ni Smith fi ṣe àpẹẹrẹ: nígbà òtútù líle àti nígbà tí ojú ọjọ́ bá burú, kò lè ṣiṣẹ́, nítorí náà owó ọjọ́ tí ó ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ bọ́ ọ ní ọjọ́ tí kò ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ẹnjiníà tí a gbà fún afárá kan ṣoṣo, tí iṣẹ́ rẹ̀ parí ní ọjọ́ tí afárá náà bá parí; bẹ́ẹ̀ sì ni ó rí fún ẹni tí ń wa epo lórí pèpéle irin láàrin òkun, tí kì í rí aya àti ọmọ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Èyí tí ó wúwo jù lọ ni ohun tí a fi lé e lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1907, afárá irin ńlá kan tí a ń kọ́ lọ́wọ́ sórí odò St. Lawrence, nítòsí ìlú Quebec ní Kánádà, wó lulẹ̀, òṣìṣẹ́ 75 sì kú. Nígbà tí ìjọba wádìí, a rí i pé wọ́n ti fi kún gígùn afárá náà láàrin òpó méjì, láti 1,600 ẹsẹ̀ bàtà dé 1,800, ṣùgbọ́n wọn kò tún ìṣirò ìwúwo irin rẹ̀ ṣe bí ó ti yẹ. Ìṣirò orí ìwé ni ó di ikú ọmọ ènìyàn. Láti ọdún 1925 ni àwọn ẹnjiníà Kánádà tí wọ́n bá ń parí ẹ̀kọ́ wọn ti ń bá ara wọn dá májẹ̀mú, tí wọ́n sì ń fi òrùka irin sí ọmọńdinrín ọwọ́ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, kí ó lè máa rán wọn létí ẹrù tí ó wà ní ọrùn wọn. Ní Èkó tiwa níhìn-ín, afárá Third Mainland, tí ó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 11.8, tí a sì parí rẹ̀ ní 1990, ń gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kọjá lórí ọ̀sà lójoojúmọ́. Olúkúlùkù wọn ni ó gbé ẹ̀mí rẹ̀ lé ìṣirò ẹni tí kò mọ̀ rí. Ó tọ́ kí a san owó tí yóò jẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ara balẹ̀, kí ebi má bàa sún un láti gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe tí ó fẹ́ dín irin àti sìmẹ́ńtì kù.

Bí ọ̀ràn náà bá parí síbí, à bá wí pé òṣùwọ̀n òdodo ni owó oṣù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ìlàjì àkọ́kọ́ ọdún 2014, àgbá epo rọ̀bì kan ń tà ju 100 dọ́là lọ; nígbà tí ó fi di oṣù kìn-ín-ní 2016, ó ti wálẹ̀ ju 30 dọ́là lọ. Láti Houston ní Amẹ́ríkà títí dé Aberdeen ní Scotland, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ epo ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, àwọn ẹnjiníà sì wà nínú wọn. Ǹjẹ́ ìmọ̀ wọn dín? Ǹjẹ́ ọgbọ́n inú wọn gbẹ? Rárá o. Ọjà ni ó yí padà lẹ́yìn wọn. Bákan náà, ní oṣù kẹfà 2023, ìjọba Nàìjíríà tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Dọ́là kan tí ó jẹ́ nǹkan bí 460 náírà tẹ́lẹ̀ ti kọjá 1,400 kí oṣù kejì 2024 tó parí. Ẹnjiníà tí ó wà ní Ìbàdàn kò yí padà, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n bí a bá fi dọ́là ka owó oṣù rẹ̀, kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń di ẹrù wọn lọ sí òkè òkun, a kò lè sọ pé ìfẹ́ owó nìkan ni ó ń lé wọn.

Ohun kan tún wà tí a kì í sábà rò, òun gan-an sì ni ó kan àwa olùkọ́. Owó a máa tẹ̀lé èrè tí a lè gbà lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹnjiníà bá ya àwòrán ẹ̀rọ kan dáradára, ilé iṣẹ́ yóò fi àwòrán kan náà ṣe ẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ. Ẹni tí ó bá ra ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò san owó rẹ̀, owó náà yóò sì dé ọwọ́ ẹni tí ó gba ẹnjiníà náà síṣẹ́ láìpẹ́ ọjọ́. Iṣẹ́ olùkọ́ pẹ̀lú a máa di púpọ̀: ọmọ tí ó kọ́ ní ìsọdipúpọ̀ yóò máa lò ó fún ogójì ọdún. Ṣùgbọ́n èso rẹ̀ a máa pẹ́ kí ó tó pọ́n, kì í sì í pọ́n sí oko ẹnìkan ṣoṣo. Aláìsàn tí oníṣègùn wò sàn jẹ nínú rẹ̀. Arìnrìn-àjò tí afárá kò wó mọ́ jẹ nínú rẹ̀. Ìjọba tí ń gba owó orí jẹ nínú rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ láti san owó. Àwọn tí ń jẹ èrè olùkọ́ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí ẹni tí ó ka gbèsè náà sí tirẹ̀. Ìdí nìyí tí owó rẹ̀ fi kéré, kì í ṣe pé iṣẹ́ rẹ̀ ni ó kéré.

Agbára pẹ̀lú wà nínú ọ̀ràn yìí. Ní ọjọ́ 5 oṣù kìn-ín-ní 1914, Henry Ford tí ń ṣe mọ́tò ní Amẹ́ríkà kéde pé òun yóò máa san dọ́là márùn-ún lóòjọ́, ohun tí ó ju ìlọ́po méjì iye àtẹ̀yìnwá lọ. Àánú nìkan kọ́ ni ó ṣe é. Iṣẹ́ náà sú àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n ń fi í sílẹ̀ lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gba ènìyàn tí ó ju 50,000 lọ síṣẹ́ ní 1913 kí nǹkan bí 14,000 lè wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí ó bá lè kúrò ni a máa ń bẹ̀ kí ó dúró. Ẹni tí kò lè dá kúrò, àfi kí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pa ohùn pọ̀, nítorí àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ní oṣù kẹfà 1945, nígbà tí ogun ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n, tí owó iṣẹ́ kò sì bá a gòkè, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà, ti rélùwéè àti ti àwọn ẹ̀ka mìíràn, dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tí ó ju oṣù kan lọ. Michael Imoudu ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè wà lára àwọn aṣáájú wọn. Ìgbìmọ̀ tí Tudor Davies jẹ́ olórí rẹ̀ wádìí ọ̀ràn náà, ó sì gbà pé kí a fi ìdajì kún owó ìrànlọ́wọ́ tí a ń fún wọn nítorí ọ̀wọ́n.

Nígbà náà, ohun mìíràn tún wà tí ó burú ju ọ̀wọ́n lọ. Nínú iṣẹ́ ìjọba amúnisìn, ipò kan wà tí à ń pè ní ipò òyìnbó, òmíràn sì wà tí à ń pè ní ipò aláwọ̀ dúdú, owó wọn kò sì dọ́gba. Ní 1946, ìgbìmọ̀ Harragin yí orúkọ wọn padà sí ipò àgbà àti ipò kékeré. Kí a má sì rò pé àwọ̀ ara nìkan ni a fi ń ṣe irú èyí. Ní 1968, àwọn obìnrin tí ń rán aṣọ ìjókòó mọ́tò ní ilé iṣẹ́ Ford ní Dagenham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí a ka iṣẹ́ wọn sí iṣẹ́ aláìmọ̀, a sì tún ń san ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún fún wọn nínú iye tí ọkùnrin ń gbà ní ipò kan náà. Ìjàkadì wọn wà lára ohun tí ó bí òfin ìdọ́gba owó iṣẹ́ ti ọdún 1970 ní ilẹ̀ náà. Síbẹ̀ ó di 1984 kí a tó gbà pé oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó mọṣẹ́ ni wọ́n.

Láti inú gbogbo èyí ni a ti rí ìdánwò kan tí a lè fi wo owó oṣù gbogbo. Kí a béèrè pé: bí ẹlòmíràn bá jókòó sórí àga yìí, tí ó ṣe iṣẹ́ kan náà bí ó ti tọ́, ṣé owó náà yóò yí padà? Bí kò bá ní yí padà, ìyàtọ̀ tí a rí lè jẹ́ ti kíkọ́, tàbí ti ìnira, tàbí ti ẹrù tí a gbé lé e lórí. A kò gbọ́dọ̀ jowú rẹ̀. Bí ó bá ní yí padà nítorí àwọ̀, tàbí nítorí pé obìnrin ni, tàbí nítorí ilé tí a bí i sí, ìrẹ́jẹ ni, a kò sì gbọ́dọ̀ pè é ní orúkọ mìíràn.

Ẹnìkan lè wí pé ìka kò dọ́gba. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ó ń bọ́ gbogbo wọn, bí ó bá sì kọ̀ láti dé ọmọńdinrín, gbogbo ọwọ́ ni yóò mọ̀ ọ́n lára. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí iye kan wà tí owó òṣìṣẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ sí. Ní oṣù keje 2024, òfin gbé iye náà ga ní Nàìjíríà láti 30,000 náírà lóṣù sí 70,000. Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin tí a kò san kò lè ra iṣu.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, bí ọwọ́ yín bá yá sí ẹ̀rọ àti ìṣirò, ẹ lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, kí ẹ sì gba owó rẹ̀ láìtijú. Kìkì kí ẹ má ṣe fi owó náà wọn ara yín, nítorí ọjà tí ó gbé e ga lónìí lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lọ́la. Ẹ̀yin tí ń ṣe àkóso ilé-ẹ̀kọ́, a ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín pé èrè olùkọ́ ń bẹ ní ọ̀run. Kò sí olùkọ́ tí ó kọ èrè ọ̀run. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń sọ ọ̀rọ̀ náà kì í sábà fi owó oṣù tirẹ̀ pamọ́ síbẹ̀. Nígbà tí ó ti jẹ́ pé gbogbo ìlú ni ó ń jẹ èso iṣẹ́ olùkọ́, gbogbo ìlú ni ó yẹ kí ó san án, nípa owó orí àti nípa ọrẹ, kí a sì san án ní ọjọ́ tí ó yẹ. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè: ẹnjiníà kò lè ṣe láìsí yín, ẹ̀yin náà sì ń gba orí afárá rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ má ṣe bínú sí i. Ẹ béèrè ẹ̀tọ́ yín pẹ̀lú ohùn kan, kí ẹ sì kọ́ ọmọ tí ó wà níwájú yín ní ìṣirò tí kò ní àṣìṣe, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò gbé ẹ̀mí wọn lé e lórí ní ọjọ́ iwájú.