Ìbéèrè Tó Kúrò Nídìí Oúnjẹ Ọ̀rẹ́

Bí Sátidé bá mọ́, tí kò sí òkú tí wọ́n fẹ́ sin nílé, àwọn ọmọ Emùré-Èkìtì tó ń gbé ní Adó-Èkìtì máa ń wá rí ara wọn. Àwọn kan a pàdé nídìí iyán, àwọn mìíràn nídìí ẹ̀kọ àti àkàrà, àwọn ọ̀dọ́ a sì gba ọ̀dọ̀ ẹni tó ń po tíì, tó ń dín ẹyin sí búrẹ́dì lọ. Ohun rere ni. Ọ̀rẹ́ tí kì í fojú kan ara wọn, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń di àjèjì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí à ń sọ nídìí oúnjẹ wọ̀nyí ń bà mí lẹ́rù. À ń béèrè ọmọ, à ń béèrè ìyàwó, à ń béèrè iye tí wọ́n ń ta àpò ìrẹsì. Ìbéèrè kan ló kù tí ẹnikẹ́ni kì í yà sí: níbo ni owó yìí ti wá?

Bí àwọn baba wa ṣe ń ṣọ̀rẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n lè yẹ ìbéèrè yẹn sílẹ̀. Àáró ló so wọ́n pọ̀. Ẹgbẹ́ kan náà a kọ ebè lóko ẹnìkan lónìí, a kọ ọ́ lóko ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Bí oòrùn bá gòkè díẹ̀, wọn a sun iṣu, wọn a fi epo jẹ ẹ́ lábẹ́ ahéré. Ẹni tó bá ọ kọ ebè mọ iye ebè tí o ní. Ó mọ bí kòkó rẹ ṣe so, ó sì mọ ọdún tí ọ̀dá dá ọ lóko. Bí o bá wá gun kẹ̀kẹ́ tuntun wọ̀lú lọ́dún tí oko gbogbo ènìyàn kò ṣe dáadáa, dandan ni kí ọ̀rẹ́ rẹ bi ọ́ léèrè. Ojú ọ̀rẹ́ ń ṣọ́ ènìyàn ju ọlọ́pàá lọ nígbà náà.

Ìgboro ti gba ojú yẹn lọ́wọ́ wa. Iṣẹ́ ẹlòmíràn wà nínú ọ́fíìsì, ti ẹlòmíràn wà nínú fóònù, níbi tí ọ̀rẹ́ kò lè bá a dé. Èso là ń rí, a kò rí oko mọ́. Ẹni tó bá sì sanwó oúnjẹ, òun là ń yìn, òun là ń fi ṣe alága ẹgbẹ́, òun là ń pè síwájú bí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí bá fẹ́ kọ́lé. Ọmọdé tí a kò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe gbé ọkọ̀ olówó ńlá dé, a ní Ọlọ́run ló bù kún un. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí gbogbo wa mọ owó oṣù rẹ̀ kọ́ ilé kẹta, a ṣe àmín.

Àwọn kan yóò ní ebi ló fà á. Lóòótọ́, láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, oúnjẹ ti wọ́n kọjá agbára ọ̀pọ̀ ilé. N kò kóyán ìyà ẹnikẹ́ni kéré. Ṣùgbọ́n ebi kì í ṣe àlejò ní Èkìtì; àwọn òbí tó ta iṣu àti kòkó kí ọmọ wọn lè kàwé mọ̀ ọ́n dáadáa. Ebi lè sọ ènìyàn di olè. Àwa tí à ń pàtẹ́wọ́ fún olè, a ti yó kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

Ẹ wo ibi tí àìbéèrè lè gbé wa dé. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kìíní, ọdún 2024, àwọn agbébọn jí àwọn ọmọ ilé ìwé àti olùkọ́ wọn gbé ní Emùré, níbi tí bọ́ọ̀sì ilé ìwé ti ń gbé wọn lọ sílé. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, agbébọn pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní Èkìtì: Onímòjò ti Ìmòjò àti Ẹlẹ́sùn ti Ẹ̀sùn. Wọ́n tú àwọn ọmọ náà sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì. Gbogbo wa sunkún, gbogbo wa gbàdúrà. Síbẹ̀, ẹni tó ń fi ènìyàn gbowó kì í ná owó náà nínú igbó. Ó ń wọ̀lú, ó ń rajà, ó ní àwọn tí wọ́n jọ ń jẹun láàárọ̀. Ẹnìkan ń jókòó tì í, ó ń rí owó, kò sì béèrè.

Ìbéèrè náà le. Ẹni tó bá dédé bi ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọn a ní ó ń jowú. Ohun tó mú un rọrùn nínú àáró ni pé oko ẹni tó ń béèrè náà wà ní gbangba. Ibẹ̀ ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Kí olúkúlùkù máa sọ tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bi í: iṣẹ́ tí mo ṣe lóṣù yìí nìyí, gbèsè tí mo jẹ nìyí, rìbá tí wọ́n fi lọ̀ mí tí mo kọ̀ nìyí. Ẹni tó ti tú tirẹ̀ sílẹ̀ lè wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó ní, "Ìwọ ńkọ́?" Bí ó bá bínú dìde, ẹ jẹ́ kó lọ, kí ẹ má sì jẹ nínú oúnjẹ tó san. Bí ó bá sì jẹ́wọ́ pé ọrùn òun ti há, ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rẹ́ ń wúlò: ẹ dáwó, ẹ wá iṣẹ́ fún un, ẹ gbà á lọ́wọ́ ohun tó fẹ́ pa á, kí ó tó di pé ọmọ ẹlòmíràn ló máa jìyà rẹ̀.