Jokebedi Hun Apẹ̀rẹ̀ Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ ìyànjú lórí ìmúrasílẹ̀ de ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Ibi kíkà: Eksodu 2, ẹsẹ 1 sí 10.

Ẹ̀yin ará wa olùfẹ́ nínú Kristi, àti ẹ̀yin olùkọ́ tí ń ka ìwé yìí sí etígbọ̀ọ́ àwọn tí kò lè kà á,

Ní oṣù yìí a fẹ́ bá yín sọ ohun kan tí a kì í sábà gbọ́ lórí àga ìwàásù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìjọ kan ní Rẹ́mọ, láti Ṣágámù dé Ìkẹ́nnẹ́ àti dé Ṣimawa, tí kò kàn. Èyí ni ìbí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò tíì pé. Àwọn oníṣègùn ka ọmọ sí bẹ́ẹ̀ bí a bá bí i kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2020 nìkan, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí a bí ní gbogbo ayé tó mílíọ̀nù 13.4, ìyẹn nǹkan bí ọ̀kan nínú mẹ́wàá. Ilẹ̀ Nàìjíríà sì wà lára àwọn ilẹ̀ tí iye wọn pọ̀ jù. Ọ̀ràn ilé wa ni, kì í ṣe ọ̀ràn ilé ẹlòmíràn.

Ìwé Mímọ́ kò sọ iye oṣù tí Jokebedi fi gbé Mose sínú. Ṣùgbọ́n Rashi, olùkọ́ ńlá láàárín àwọn Júù, tí ó gbé ní ilẹ̀ Faransé tí ó sì kú ní ọdún 1105, kọ́ni gẹ́gẹ́ bí ó ti gbà á lọ́wọ́ àwọn àgbà pé oṣù mẹ́fà àti ọjọ́ kan ni a fi bí i. Ó ní nítorí náà ni ìyá rẹ̀ ṣe rí àyè fi í pamọ́ fún oṣù mẹ́ta: àwọn ará Egipti ń ka oṣù mẹ́sàn-án, ọmọ sì ti wà nílé. A kò fi èyí ṣe ohun ìgbàgbọ́ fún ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ń fojú kékeré wo ọmọ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, kí ó rántí rẹ̀. Ohun tí Ìwé Mímọ́ sọ kedere ni ìṣe ìyá náà. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó mọ ìgbà tí fífi í pamọ́ kò ṣeé ṣe mọ́; ó hun apẹ̀rẹ̀, ó sì fi ọ̀dà rẹ́ ẹ; a sì fi ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ṣọ́ ọ létí odò. Lórí orí mẹ́ta yìí ni ọ̀rọ̀ wa dúró.

Ṣùgbọ́n kí a tó tẹ̀ síwájú, a mọ ohun tí àwọn kan ń rò nínú ọkàn wọn. À ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn rere pé ẹni tí ó bá ń múra de ibi ni ó ń pe ibi. Pé kí a má ṣe ra aṣọ ọmọ sílẹ̀. Pé bí a bá ti wí pé “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́,” ó tó. A kò fi wọ́n ṣẹ̀sín, nítorí àwọn mìíràn nínú wọn ti ra aṣọ rí tí ọmọ kò wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí a kàn bi ara wa pé: ta ni nínú wa tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ju ti Jokebedi lọ? Ìwé Heberu, orí 11, ka àwọn òbí Mose mọ́ àwọn ẹni ìgbàgbọ́. Síbẹ̀ ìgbàgbọ́ náà ní ọ̀dà lọ́wọ́. Maria kò rí àyè nínú ilé èrò ní Bẹtilẹhẹmu, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ dé, ọ̀já tí a ó fi wé e wà nílẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó kọ́ ahéré kò pe òjò. Òjò tí yóò rọ̀ yóò rọ̀, ahéré ni kò ní í jẹ́ kí ó pa á.

Èkíní, kí aláboyún mọ àkókò rẹ̀. Kí ó forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 12, kí a sì ya àwòrán inú, èyí tí a ń pè ní síkáànì, kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 24. Nítorí ẹni tí kò mọ ìgbà tí oyún bẹ̀rẹ̀ kò lè mọ̀ bí ọmọ bá fẹ́ yá jù. Ẹni tí ó ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹni tí ibà tàbí àìtó ẹ̀jẹ̀ ń dà láàmú, àti ẹni tí ó lóyún ìbejì, kí wọ́n ṣọ́ra jù. Àwa Yorùbá ni ayé mọ̀ fún ìbejì. Ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pẹ̀lú pé Táíwò àti Kẹ́hìndé sábà máa ń dé kí oṣù wọn tó pé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, bí omi bá ya, bí inú bá ń kán tí ó sì ń padà wá létòlétò, bí orí bá ń fọ́ gidigidi tí ojú sì ń ṣú, ọjọ́ náà gan-an ni kí a lọ. Kí a má ṣe dúró de òpin àìsùn àdúrà, kí a má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ikùn náà tàbí kí ó fún un ní àgbo. Kí àwọn ará gbàdúrà lọ ní ilé Ọlọ́run, kí ìyá ọmọ sì wà lójú ọ̀nà.

Èkejì, kí a hun apẹ̀rẹ̀ kí odò tó kún. Ẹni tí ń gbé ní Ṣimawa, kí ó ti bá onímọ́tò kan sọ̀rọ̀ sílẹ̀ tí yóò gbé e lóru dé ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣágámù. Kí owó wà nínú kóló, kí a sì mọ ẹni méjì tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá tirẹ̀ mu. Ó sàn púpọ̀ kí a gbé ọmọ lọ nínú ìyá rẹ̀ ju kí a gbé e lọ lẹ́yìn tí a bí i tán. Kò sí ọkọ̀ tí ó dà bí inú ìyá.

Ìdí mìíràn wà tí a fi ní kí a tètè dé. Ní ilẹ̀ New Zealand, oníṣègùn Graham Liggins ń ṣe ìwádìí lára àgùntàn. Ó rí ọ̀dọ́ àgùntàn tí a bí ṣáájú ọjọ́ rẹ̀, tí kò yẹ kí ó lè mí, tí ó sì ń mí, nítorí oògùn kan tí a ti fún un nínú ikùn. Ní ọdún 1972, òun àti Ross Howie kéde pé abẹ́rẹ́ irú oògùn bẹ́ẹ̀, bí a bá fún ìyá kí ó tó bí, a máa ran ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lọ́wọ́. Ilé ìwòsàn nìkan ni a ti ń fún ni, ó sì ń fẹ́ nǹkan bí ọjọ́ kan kí iṣẹ́ rẹ̀ tó múlẹ̀. Ẹni tí ó bá dé nígbà tí orí ọmọ ti ń yọ, abẹ́rẹ́ kò bá a mọ́.

Ní ọdún 1978, ní Bogotá, olú ìlú Colombia, àpótí tí a fi ń mú ọmọ móoru kò tó. Oníṣègùn Edgar Rey Sanabria sì ní kí àwọn ìyá gbé ọmọ sí àyà wọn, ara kan ara. Lẹ́yìn náà a dán èyí wò ní ilẹ̀ márùn-ún, Nàìjíríà sì jẹ́ ọ̀kan, ní Ilé-Ifẹ̀, lára àwọn ọmọ tí ìwọ̀n wọn tó kílógíráàmù 1 ṣùgbọ́n tí kò tó 1.8. Ìwádìí náà jáde ní ọdún 2021. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí a gbé sí àyà láti ìgbà tí a bí wọn, 12 ni ó kú kí ó tó pé ọjọ́ 28. Nínú ọgọ́rùn-ún tí a kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16. Ẹ̀yin ìyá Rẹ́mọ, ẹ mọ ọmọ í pọ̀n. Ọ̀já kan náà ni, àyà ni kí ẹ gbà á mọ́. Bàbá pẹ̀lú lè ṣe é. Wọ́n kì í tètè wẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, a kì í fún un ní omi tàbí àgbo. Wàrà ìyá rẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ó kọ́kọ́ fún un sínú ife kékeré. Wòlíì Isaiah, ní orí 40, rí Olúwa bí olùṣọ́-àgùntàn tí ń gbé ọ̀dọ́ àgùntàn sí àyà. Ẹ wo irú ọlá tí a fún ìyá, pé kí ó máa ṣe bí Ọlọ́run rẹ̀ ti ń ṣe.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn ará ṣọ́ ọ. Jokebedi kò dá nìkan dúró. Ẹ jẹ́ kí Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá, tí Mary Sumner dá sílẹ̀ ní ọdún 1876, mọ aláboyún tí ó wà nínú ìjọ, kí wọ́n máa se oúnjẹ lọ fún ẹni tí ó wà ní ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì tọ́jú àwọn ọmọ tí ó fi sílẹ̀ nílé. Kí àwọn ìyá àbíyè tètè darí ẹni tí agbára wọn kò ká. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá wa pa irọ́ àtijọ́ nì run, pé ọmọ oṣù méje a máa yè ṣùgbọ́n ti oṣù mẹ́jọ kì í yè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá fi kún un nínú ikùn, agbára ni fún un.

Bí ọmọ náà bá sì lọ ńkọ́? Nígbà mìíràn ó máa ń rí bẹ́ẹ̀, bí a tilẹ̀ ṣe gbogbo èyí. Kí a má ṣe pè é ní àbíkú, kí a má sì ṣe bi ìyá rẹ̀ léèrè ohun tí ó jẹ tàbí ẹni tí ó ṣẹ̀. Púpọ̀ nínú ìbí yìí ni kò ní ìdí tí ènìyàn lè tọ́ka sí. Nínú Johanu 9 àwọn ọmọ-ẹ̀yìn bi Olúwa ní irú ìbéèrè náà nípa afọ́jú, kò sì gbà á lẹ́nu wọn. Ìwé Àdúrà wa ti pèsè ìsàmì ní ilé fún ọmọ tí ó wà nínú ewu; ẹ ránṣẹ́ pe àlùfáà, lóru pàápàá. Ọmọ tí ó lo wákàtí kan láyé ní orúkọ lọ́dọ̀ Ọlọ́run.

Nítorí náà, olùfẹ́, kí oṣù yìí tó parí, kí olúkúlùkù ilé tí aláboyún wà jókòó, kí ọkọ àti aya jọ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: Ta ni yóò gbé wa? Níbo ni a ń lọ? Ta ni yóò dúró tì wá? Ilé tí ó bá ti rí ìdáhùn ti fi ọ̀dà rẹ́ apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.

Kí Ọlọ́run, ẹni tí ó mọ̀ wá kí a tó bí wa, dáàbò bo àwọn tí ń retí, kí ó gbé àwọn ọmọ kéékèèké sí àyà rẹ̀, kí ó sì tu àwọn tí ọwọ́ wọn ṣófo nínú, nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.