Irọ́ tí Ọmọlúàbí Pa

Irọ́ ni Salvo D'Acquisto pa tí wọ́n fi yìnbọn pa á. Ó ní òun lòun ṣe ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún 22 péré ni, ọmọ Itálì, ó sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí tí wọ́n ti ń ṣèrántí rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, bí àgbà bá ń ka ohun tí a fi ń dá ọmọlúàbí mọ̀, òótọ́ inú kì í gbẹ́yìn. Àwa náà la sì ń sọ pé ẹni tó bá ń purọ́ yóò jalè. Níbo wá ni ká fi ọmọkùnrin yìí sí?

Ìlú Naples ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1920. Òun ni àkọ́bí ìyá rẹ̀. Ní 1939 ló wọṣẹ́ Carabinieri, ìyẹn àwọn ṣọ́jà tó tún ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá ní Itálì. Wọ́n máa ń wà ní àgọ́ kéékèèké káàkiri abúlé, wọ́n ń mú olè, wọ́n ń làjà, tọmọdé tàgbà ló mọ̀ wọ́n lójú. Ní 1940 wọ́n gbé e lọ sójú ogun ní Líbíà. Ó fara gbọgbẹ́ níbẹ̀, ibà sì tún dá a dùbúlẹ̀. Nígbà tó padà sílé ní 1942, wọ́n rán an lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Florence, ó jáde pẹ̀lú ipò tó sún mọ́ ti sájẹ́ǹtì wa, wọ́n sì fi ṣọwọ́ sí Torrimpietra, abúlé àgbẹ̀ kan tó fi nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà jìnnà sí Róòmù.

Kí ni ọmọ Naples ń wá ní Líbíà? Ìjọba Mussolini ló rán an, ìjọba tó da gáàsì olóró lé àwọn ará Etiópíà lórí lẹ́yìn tó kógun wọ ilẹ̀ wọn ní 1935. Ọmọ Áfíríkà tó bá fẹ́ yin ṣọ́jà Itálì ìgbà náà, ó yẹ kó dúró níbẹ̀ díẹ̀ kó tó máa lọ. Mo ti dúró. Ohun tí mo rí ni pé àwọn baba wa kò ní kí ọ̀gá kọ́kọ́ dáa kí ìránṣẹ́ tó hùwà. Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ti D'Acquisto tiẹ̀ tún wá lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìgbà kan dé tí kò sí ọ̀gá kankan nílé tí yóò rán an níṣẹ́.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1943 ni. Ní ọjọ́ 8, Itálì kéde pé òun ti bá Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣàdéhùn, òun ò jà mọ́. Àwọn Jámánì tí wọ́n jọ ń jà tẹ́lẹ̀ di ọ̀tá lójú ẹsẹ̀, wọ́n ń gba ìlú kiri. Kò tó wákàtí mélòó kan tí Ọba Victor Emmanuel Kẹta àti Badoglio, olórí ìjọba rẹ̀, fi fẹsẹ̀ fẹ kúrò ní Róòmù, ó di Brindisi ní gúúsù. Àṣẹ kan tó yéni, wọn ò fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun. Ọ̀pọ̀ ṣọ́jà bọ́ aṣọ iṣẹ́ sọnù, wọ́n wá aṣọ ilé wọ̀, wọ́n gbọ̀nà abúlé wọn lọ. D'Acquisto wà ní Torrimpietra, ó ń ṣí àgọ́, ó ń ti àgọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ 22, àwọn ṣọ́jà Jámánì kan tí wọ́n wọ̀ sí bárékè àtijọ́ kan ní Torre di Palidoro, létí òkun, ń tú àpótí ohun ìjà tí wọ́n bá níbẹ̀. Nǹkan bú gbàù. Ẹ̀mí bọ́, àwọn mìíràn fara pa. Ìjàǹbá ni, kò jọ pé ẹnikẹ́ni dẹ pàkúté fún wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wọn ní ará ìlú ló ṣe é, ẹni tó ṣe é sì gbọ́dọ̀ jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀pọ̀ ni yóò bá a lọ. Wọ́n wá olórí àgọ́ Carabinieri dé Torrimpietra, olórí àgọ́ kò sí nílé. D'Acquisto ló kàn. Òun ni wọ́n mú.

Nígbà tó di ọjọ́ 23, wọ́n kó ọkùnrin méjìlélógún jọ lágbègbè náà. Òótọ́ ni D'Acquisto kọ́kọ́ sọ: ó ní ìjàǹbá ni. Wọn ò gbọ́. Wọ́n bi àwọn ọkùnrin náà léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú ní òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Òótọ́ làwọn náà sọ, gbogbo wọn pátá. Wọn ò gbọ́. Wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé-ìṣọ́ àtijọ́ tó dojú kọ òkun, wọ́n kó ṣọ́bìrì lé wọn lọ́wọ́, wọ́n ní kí wọ́n gbẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti bá wọn gbẹ́ sàréè rí mọ ìwọ̀n rẹ̀ lójú. Kò ní pẹ́ rárá tí yóò fi yé wọn pé ihò yìí fẹ̀ ju ti ẹnì kan lọ.

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó ọwọ́ là ń ra èké. A máa ń pa òwe yìí láti fi kẹ́dùn pé ayé ti bàjẹ́, a kì í rò pé ó lè ṣẹ bí wọ́n ṣe pa á gan-an. Òótọ́ mẹ́tàlélógún ló wà lórí àtẹ lọ́jọ́ yẹn, ẹnì kan ò bèèrè iye. Ìgbà náà ni D'Acquisto gbé irọ́ kan ṣoṣo sílẹ̀. Ó bá ògbufọ̀ sọ̀rọ̀, ó ní òun nìkan lòun ṣe é, kí wọ́n tú àwọn tó kù sílẹ̀. Wọ́n rà á lójú ẹsẹ̀. Àwọn ọkùnrin náà ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, wọ́n sá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni wọ́n dá dúró pẹ́ díẹ̀ torí wọ́n rò pé ọ̀kan nínú àwọn Carabinieri lòun náà. Ó wà nítòsí nígbà tí ìbọn dún. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ kan kí D'Acquisto pé ọmọ ọdún 23.

Ẹni tó bá ní bóyá àwọn Jámánì kàn ń dẹ́rù bà wọ́n ni, kó wo Róòmù ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà. Bọ́ǹbù pa ọlọ́pàá Jámánì 33 ní òpópónà Rasella ní oṣù kẹta ọdún 1944. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kó ènìyàn 335 lọ sínú ihò Ardeatine, wọ́n pa wọ́n tán.

Kò yẹ kí irú irọ́ yìí ṣàjèjì sí wa. Mọ́remí tí a ń yìn nÍfẹ̀ dòní, ẹ̀tàn ló bá lọ sọ́dọ̀ àwọn Ugbò. Ó jẹ́ kí wọ́n kó òun lẹ́rú, ó di aya ọba wọn, ó mọ̀ pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló ń wọ ìkó wá kó Ifẹ̀ lẹ́rù, ó sì sá padà wálé pẹ̀lú àṣírí. Kò sẹ́ni tó pè é ní òpùrọ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n nígbà tí odò Ẹ̀sìnmìrìn béèrè ẹ̀jẹ́ tí Mọ́remí ti jẹ́ fún un, Olúorogbo ọmọ rẹ̀ ló fi san án. Mo mọ̀ pé inú àwọn kan ò ní dùn sí i, ṣùgbọ́n lójú tèmi, irọ́ D'Acquisto mọ́ ju ẹ̀tàn Mọ́remí lọ. Ẹlòmíràn ló san gbèsè ọgbọ́n Mọ́remí. D'Acquisto kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá kọ́bọ̀ sí tirẹ̀. Bí mo ṣe ń wọn irọ́ nìyẹn: ta ló jẹ èrè rẹ̀, ta ló san án? Òpùrọ́ tí à ń sọ pé yóò jalè, ikùn ara rẹ̀ ló ń purọ́ fún.

Ọ̀pọ̀ yóò ti máa dárúkọ Fájuyì lọ́kàn. Òun náà akọni ni. Ó ti gba àmì-ẹ̀yẹ ogun ní Kóńgò kó tó di gómìnà ológun ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1966, àwọn ṣọ́jà wá mú Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà, tó jẹ́ àlejò rẹ̀ n'Ìbàdàn, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì ní Lálúpọn. Àwọn kan ṣì ń jiyàn pé wọ́n ti ní Fájuyì lọ́kàn tẹ́lẹ̀. Wọ́n lè máa jiyàn lọ. Ọmọ Yorùbá ti gbà pé ó kọ̀ láti yọwọ́ lọ́rọ̀ àlejò rẹ̀. Àmọ́ ẹni tí Fájuyì kú tì, ọ̀gá rẹ̀ ni, inú ilé rẹ̀ ló sì wọ̀ sí. D'Acquisto kò bá àwọn méjìlélógún yìí tan. Kò tíì lo ọdún kan láàárín wọn.

Ẹni tó jẹ ní gbèsè jù ni mo rò pé ó kù sílẹ̀ nínú gbogbo ìyìn yìí. Àkọ́bí ni, ó ní ìyá, ó ní bàbá, ọmọ ló sì yẹ kó sin òbí. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé ẹjọ́ ìyá, kí ni yóò sọ? Wọ́n ní kí á kú ní kékeré, kí á fi ẹṣin ṣe ìrèlé ẹni, ó sàn ju kí á dàgbà láìní adìẹ ìrànà lọ. Òwe náà dùn lẹ́nu ẹni tí kì í ṣe ìyá olóògbé. Ilẹ̀ yẹ̀pẹ̀ etí òkun ni àwọn tó pa á bò ó mọ́. Àwọn ará àdúgbò ló padà hú u láti sin ín bí ènìyàn. Ogun parí kí wọ́n tó gbé e wálé sí Naples, ní ṣọ́ọ̀ṣì Santa Chiara ló sì wà láti 1986. Mi ò ní dá ìyá rẹ̀ lẹ́bi bí ó bá wù ú kí ọmọ òun ṣojo lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn.

Ó ku àwọn méjìlélógún. Wọ́n mọ̀ pé kò ṣe é, wọ́n sì sá fi í sílẹ̀. Kò sí ẹni tó lè bá wọn wí. Ẹni tí wọ́n tú okùn lọ́rùn rẹ̀ kì í dúró béèrè ọrùn tí wọ́n fẹ́ so ó mọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká rántí pé yàtọ̀ sí ẹ̀mí, D'Acquisto tún fi orúkọ rẹ̀ lélẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tú irọ́ náà, ohun tí yóò kù ni pé ṣọ́jà Itálì kan fi bọ́ǹbù pa àwọn Jámánì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá gbogbo abúlé. Àwọn tó gbà là ló tú u. Wọ́n sọ ọ́ fún ìjọba, ìjọba sì fi àmì-ẹ̀yẹ góòlù ti àwọn akọni dá a lọ́lá lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìjọ Kátólíìkì náà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tirẹ̀ ní 1983, wọ́n ń jiyàn irú ikú tí ikú yìí jẹ́, títí Póòpù Francis fi la ọ̀nà tuntun ní 2017 fún ẹni tó bá fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí ti ẹlòmíràn. Oṣù kejì ọdún 2025 ni Póòpù kan náà fọwọ́ sí i pé D'Acquisto yẹ lẹ́ni ọ̀wọ̀. Ọdún méjìlélógójì ló gbà wọ́n.