Iṣẹ́ Kálámù Kì í Ṣe Iṣẹ́ Ẹnì Kan Ṣoṣo

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ti Ọlọ́hun ni gbogbo ọpẹ́, Ẹni tí ó fi kálámù kọ́ ọmọ ènìyàn ní ohun tí kò mọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tọ ipa wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí kò jìnnà. Ọ̀rọ̀ ìwé tí ó wà lọ́wọ́ yín yìí gan-an ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó rò pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lókè àròkọ ni ó ṣe ìwé ìròyìn. Bí ìwé bá ti jáde, a ó kà á, a ó ní kí Ọlọ́hun san wọ́n lẹ́san, a ó sì bá tiwa lọ. A kì í béèrè pé àwọn ta ni à ń pè ní "wọn" yìí. Ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́ fún ara wa. Fún ìgbà pípẹ́, ẹnì kan ṣoṣo ni "wọn".

Arákùnrin wa kan ni. Òun ni ó ń kọ àròkọ, òun ni ó ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, òun ni ó ń lọ bá àwọn atẹ̀wé, òun ni ó ń gba owó, òun náà ni ó ń ru ìwé láti mọ́ṣáláṣí dé mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Bí ó bá dé ìpàdé, a ó yìn ín, a ó ṣe àdúà fún un. Kò sí ẹni tí ó bi í pé, "Arákùnrin, èwo ni kí n bá ọ gbé níbẹ̀?" Nígbà tí ó di ọdún kan, àìsàn dá a dùbúlẹ̀ nígbà tí Ramadan ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ìwé tí ó yẹ kí ó ṣàlàyé òfin ààwẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ wa kò jáde títí a fi kí ìrun Ìtúnu Ààwẹ̀.

Èyí tí ó dùn wá jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí ó ń sáré kí iṣẹ́ lè bọ́ sọ́wọ́ atẹ̀wé, ó kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí hádíìsì pé kí á wá ìmọ̀ lọ, ì báà ṣe ní ilẹ̀ Ṣáínà. Kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí nínú wa. Nígbà tí ìwé jáde tán, àáfáà àgbà kan ránṣẹ́ pè wá. Bàbá kò bínú. Wọ́n kàn bi wá pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, inú ìwé wo ni ẹ ti rí i? Ta ni ó gbà á wá?" Gbogbo wa dákẹ́. Wọ́n wá ṣàlàyé pé al-Bayhaqi, tí ó kú ní 458 Híjírà (1066), ti sọ pé ọ̀rọ̀ náà gbajúmọ̀ lóòótọ́ ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a gbà gbà á wá kò lágbára. Ibn al-Jawzi, tí ó kú ní 597 Híjírà (1201), tilẹ̀ kà á mọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí a hun mọ́ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun lẹ́nu. Wíwá ìmọ̀ dára, ẹ̀rí rẹ̀ sì pọ̀ nínú Àlùkùránì àti nínú hádíìsì tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kò nílò kí á fi ọ̀rọ̀ tí kò dájú tì í lẹ́yìn.

Ẹ̀yin ará, gbogbo wa ni a mọ ìkìlọ̀ Ànábì wa pé kí ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ mọ́ òun lọ máa múra ibùjókòó rẹ̀ sílẹ̀ nínú iná. Arákùnrin wa kò mọ̀ọ́mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, kì í ṣe é kó. Ìwé ti lọ, àwọn ènìyàn ti kà á, òmíràn ti fi ṣe wàásù. Ta ni ẹ̀bi náà wà lọ́rùn rẹ̀? Ṣé ọrùn ẹni tí ó jókòó dòru, àbí ọrùn àwa tí a sùn, tí a fi iṣẹ́ ènìyàn mẹ́fà sílẹ̀ fún ẹnì kan?

Kí ni ẹ̀sìn wa fi kọ́ wa?

Ẹ wo Ànábì Musa, kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Ẹni tí Ọlọ́hun bá sọ̀rọ̀ láìsí alágbàsọ ni. Síbẹ̀, nígbà tí a rán an sí Firiaona, kò sọ pé òun nìkan tó. Ó tọrọ lọ́wọ́ Olúwa rẹ̀ pé kí Ó fi Harun, arákùnrin òun, ti òun lẹ́yìn, nítorí pé ahọ́n Harun já gaara ju ti òun lọ. Ẹ óò rí i nínú Súúrà Al-Qasas, áyà 34. Ànábì mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ, kò sì tì í lójú láti sọ ọ́. Mélòó nínú wa ni ó lè sọ pé, "Mo mọ ọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n n kò mọ owó ṣírò, ẹ wá ẹlòmíràn"?

Ẹ tún ṣí Súúrà Al-Baqarah, áyà 282. Áyà tí ó gùn jù nínú Àlùkùránì ni, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrun tàbí ààwẹ̀ ni ó dá lé. Ọ̀rọ̀ ìwé kíkọ ni. Bí ènìyàn méjì bá dá gbèsè sí àárín ara wọn, Ọlọ́hun ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wá ka iye ènìyàn tí Ó yanṣẹ́ fún lórí ìwé kékeré yẹn. Akọ̀wé wà, tí yóò kọ ọ́ pẹ̀lú dọ́gbadọ́gba, tí kò sì gbọdọ̀ kọ̀ láti kọ ọ́. Ẹni tí ó jẹ gbèsè ni yóò máa pe ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ń kọ. Bí onígbèsè kò bá lè pè é, alámòójútó rẹ̀ ni yóò pè é. Àwọn ẹlẹ́rìí wà pẹ̀lú. Ọlọ́hun sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ni akọ̀wé tàbí ẹlẹ́rìí lára. Bí ìwé gbèsè láàárín ènìyàn méjì bá gba gbogbo ọwọ́ wọ̀nyí, mélòómélòó ni ìwé tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọ̀dọ́ yóò fi mọ ẹ̀sìn wọn?

Bí a ṣe kó Àlùkùránì jọ

Kò sí ẹ̀rí tí ó ju èyí lọ. Lẹ́yìn ikú Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, ogun Yamama ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 633. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó há Àlùkùránì sórí ni ó kú níbẹ̀. Umar ni ó rí ewu náà. Ó lọ bá Khalifa Abubakar pé kí á kó o jọ sínú ìwé. Abubakar kọ́kọ́ lọ́ra, nítorí pé Ànábì fúnra rẹ̀ kò ṣe é. Ìgbà tí Ọlọ́hun là á lóye ni ó gbà. Kò wá sọ pé òun tí òun jẹ́ aṣáájú ni yóò kọ ọ́. Ó pe Zayd ọmọ Thabit.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Zayd jẹ́ ọmọ nǹkan bí ọdún 11 nígbà tí Ànábì wọ Mẹ̀dínà. Nítorí náà, ó lé díẹ̀ ní ọmọ ogún ọdún nígbà tí a gbé iṣẹ́ yìí lé e lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn àgbà sàhábà wà níbẹ̀. Abubakar sọ ìdí rẹ̀: ọ̀dọ́ ni, ó ní làákàyè, a kò fura sí i, ó sì ti ń kọ ìmísí sílẹ̀ fún Ànábì. Zayd sọ pé bí wọ́n bá ní kí òun gbé òkè kan kúrò ní àyè rẹ̀, kò ní wúwo tó iṣẹ́ náà. Ó há Àlùkùránì sórí, síbẹ̀ kò jókòó sílé kọ ọ́ láti orí. Ó ń wá a kiri lára imọ̀ ọ̀pẹ, lára òkúta pẹlẹbẹ, lára awọ, àti ní ọkàn àwọn ènìyàn. Àwọn ewé ìwé náà wà lọ́wọ́ Abubakar títí ó fi kú, ó bọ́ sọ́wọ́ Umar, lẹ́yìn náà ó di ti Hafsat ọmọ Umar, ìyàwó Ànábì wa. Obìnrin ni ó wá di olùtọ́jú rẹ̀. Hafsat yìí mọ̀wé kọ. Obìnrin bíi tirẹ̀, Shifa ọmọ Abdullah, ni ó kọ́ ọ.

Ní ayé Uthman, Hudhayfah ọmọ al-Yaman ti ojú ogun ní Armenia àti Azerbaijan dé. Ó gbọ́ bí àwọn ará Ṣáámù àti Iraq ṣe ń ṣe àríyànjiyàn lórí kíkà, ó sì sáré wá sọ fún Khalifa. Uthman ránṣẹ́ sí Hafsat pé kí ó yá àwọn ní ewé ìwé náà. Ó yan Zayd, Abdullah ọmọ Zubayr, Said ọmọ al-As àti Abdurrahman ọmọ al-Harith pé kí wọ́n dà á kọ. Nígbà tí wọ́n parí, ó dá ti Hafsat padà fún un, ó sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àwọn ìlú.

Ẹ jẹ́ kí á kà wọ́n: ẹni tí ó rí ewu, ẹni tí ó pàṣẹ, ẹni tí ó kọ ọ́, àwọn tí ó mú ẹ̀rí wá, ẹni tí ó tọ́jú rẹ̀, ẹni tí ó gbọ́ àṣìṣe tí ó sì kígbe, àwọn tí ó dà á kọ, àwọn tí ó gbé e dé ìlú. Bí a bá yọ ọ̀kan ṣoṣo kúrò nínú wọn, iṣẹ́ náà dúró. Lẹ́yìn wọn ni Abu al-Aswad al-Duali, tí ó kú ní 69 Híjírà (688). Ìtàn sọ pé ó gbọ́ tí ẹnì kan ṣi ohùn kan kà nínú Súúrà At-Tawbah, tí ó wá dà bí ẹni pé Ọlọ́hun kọ Òjíṣẹ́ Rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí ohùn kan ṣoṣo yẹn ni ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì sí ojú ìwé.

Nílẹ̀ wa ńkọ́? Alùfáà ìjọ Kristẹni kan, M. S. Cole, ni ó kọ́kọ́ tẹ ìtumọ̀ Àlùkùránì ní Yorùbá jáde, ní 1906. Kì í ṣe pé a kò ní àáfáà nígbà náà. Wọ́n ń fi ẹnu túmọ̀ rẹ̀ níbi wàásù. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ àáfáà nìkan kọ́ ni ó ń sọ ọ̀rọ̀ di ìwé. Ó ń fẹ́ ẹni tí ó mọ Yorùbá kọ, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, àti olówó. Ìgbà tí a kó irú àwọn wọ̀nyí jọ sínú ìgbìmọ̀ kan ni tiwa tó jáde, ní àwọn ọdún 1970.

Iṣẹ́ wo ni tìrẹ?

Ìwé kékeré yìí ń fẹ́ ẹni tí yóò kọ àròkọ. Ó ń fẹ́ ẹni tí yóò yẹ gbogbo áyà àti hádíìsì wò kí a tó tẹ̀ ẹ́, nítorí pé Ọlọ́hun pa á láṣẹ nínú Súúrà Al-Hujurat, áyà 6, pé kí á wádìí ìròyìn kí á má baà ṣe àwọn ènìyàn ní ibi nínú àìmọ̀. Ó ń fẹ́ ẹni tí ó mọ Yorùbá, tí yóò fi àmì ohùn sí i. Bí a bá ń ṣàlàyé sàká, tí a sọ pé ó di igba owó dírámù, tí kò sí ẹni tí ó mójú tó o, òǹkàwé lè kà á sí ìgbà tàbí igbá. Ó ń fẹ́ akápò bíi Ànábì Yusuf, tí ó pe ara rẹ̀ ní olùṣọ́ àti onímọ̀ nígbà tí ó ń tọrọ ìṣọ́ ilé ìṣúra: ẹni tí kò ní jí owó, tí yóò sì mọ̀ ọ́n ṣírò. Ó ń fẹ́ ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́, ẹni tí yóò pín in, ẹni tí yóò máa ka lẹ́tà yín, tí yóò sì fi sùúrù dáhùn ẹni tí ó bú wa.

Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ má ṣe rò pé oúnjẹ ọjọ́ ìpàdé nìkan ni tiyín. Ẹ rántí ọ̀dọ̀ ẹni tí Àlùkùránì wà.

Ẹ̀yin arákùnrin tí ó ń kọ̀wé, ẹ ṣọ́ra fún ṣekárími. Bí orúkọ yín bá hàn, kì í ṣe pé láádá yín ju ti ẹni tí ó ru ìwé nínú oòrùn lọ. Ẹni tí ó sì ń di gbogbo iṣẹ́ mú nítorí pé kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni, kí ó mọ̀ pé òun ń dí láádá mọ́ ẹlòmíràn.

Arákùnrin wa tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti gbádùn, àlùhámúdù lílááì. A ti lọ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ rẹ̀, a sì ti kọ àtúnṣe hádíìsì náà sí ojú ewé kìn-ín-ní. Nísinsìnyí, àáfáà kan kò jẹ́ kí ewé kan lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé láì kà á. Ṣùgbọ́n àyè ṣì ṣófo. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí ẹ bá dé ìpàdé tí ó ń bọ̀, kí olúkúlùkù wa mú iṣẹ́ kan ṣoṣo, kí ó sì mú un bí àmáánà tí Ọlọ́hun yóò bi í léèrè.

Ọlọ́hun Ọba, dárí àṣìṣe ọwọ́ wa jì wá. Má ṣe jẹ́ kí ohun tí a kọ jẹ́ ẹ̀rí takò wá lọ́jọ́ tí a óò fi ìwé olúkúlùkù lé e lọ́wọ́. Àmín.