Ohùn Tí Àlágà Fi Ń Sọ̀rọ̀

Níbi ìdána, ohùn obìnrin ló máa ń darí agbo. Àlágà ìdúró ló ń ṣojú ẹbí ọkọ, àlágà ìjókòó ló ń gbẹnu sọ fún ẹbí ìyàwó, obìnrin sì ni àwọn méjèèjì sábà máa ń jẹ́. Bí àlágà ìjókòó bá ní kí ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọn á dọ̀bálẹ̀. Bí ó bá ní ìdọ̀bálẹ̀ náà kò tẹ́ òun lọ́rùn, wọn á tún un ṣe, aṣọ olówó iyebíye ìbáà gbálẹ̀. Á bu owó ìtanràn lé ẹni tó pẹ́ dé, á dá orin, á fi òwe lé òwe, á pàṣẹ fún ọkùnrin tó lè bí i. Kò sí ẹni tí yóò pè é ní aláfojúdi. Wọn á tiẹ̀ máa náwó fún un ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọjọ́ Ajé, tí obìnrin yìí kan náà dìde níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́ láti béèrè bí wọ́n ṣe ná owó ilé ẹ̀kọ́, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ “ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú” ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, kí ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀ kí ó tó dé ìdí ọ̀rọ̀. Ẹnu kan náà ni, làákàyè kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni pé níbi ìdána, àwùjọ ti fún un láyè kí ó tó lanu. Níbi ìpàdé, òun fúnra rẹ̀ ló ń tọrọ àyè náà.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ìgboyà obìnrin kò tẹ́ mi lọ́rùn. À ń sọ ọ́ bí ẹni pé àìsàn kan ló ń ṣe obìnrin, tí ó ní láti wá oògùn rẹ̀ lò: kí ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, kí ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun náà tó bẹ́ẹ̀. N kò sọ pé irú ìyànjú bẹ́ẹ̀ kò wúlò. Àmọ́ ẹni tó darí ẹbí méjì láti àárọ̀ dọ̀sán, kì í ṣe pé ìgboyà kò sí nínú rẹ̀. Àwa tí a jókòó yí i ká ló yẹ kí a yẹ ìwà ara wa wò, òṣùwọ̀n ọmọlúàbí sì ni mo fẹ́ kí a fi wò ó, torí orúkọ ọmọlúàbí gan-an la fi ń pa obìnrin lẹ́nu mọ́.

Wọ́n á ní obìnrin tó bá jẹ́ ọmọlúàbí kì í sọ̀rọ̀ níbi tí ọkùnrin bá ti ń sọ̀rọ̀. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? “Ọmọ” ni ọ̀rọ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀, “ọmọ” kò sì yan akọ, kò yan abo. Nígbà tí àwọn àgbà bá ń ka ohun tí a fi ń mọ ọmọlúàbí, wọ́n á ka ọ̀rọ̀ sísọ, ìtẹríba, inú rere, òtítọ́, akínkanjú, iṣẹ́ àti ọpọlọ pípé. Ìtẹríba wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan péré ni láàárín wọn. Ó dùn mí pé ìtẹríba nìkan la yọ lé obìnrin lọ́wọ́, tí a kó òtítọ́ àti akínkanjú fún ọkùnrin. Obìnrin tó mọ̀ pé owó àjọ kò pé, tó dákẹ́ torí pé ọkùnrin tó kó owó náà jẹ dàgbà jù ú lọ, ṣé ìtẹríba ló ṣe yẹn? Ìbẹ̀rù ni. Ìtẹríba ni kí a mọ bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ létí àgbà. Ẹni tí a ti kọ́ láti má sọ ọ́ rárá, a ti gba òtítọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí bí yóò ṣe pé ní ọmọlúàbí.

Ẹni tó bá fẹ́ ta kò mí yóò dárúkọ Ẹfúnṣetán. Láti ìgbà tí eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, Ẹfúnṣetán Aníwúrà, ti jáde ní 1970, ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ Ìyálóde Ìbàdàn náà sí ìkà tó ń fìyà jẹ ẹrú, tí wọ́n á sì ní ibi tí ìgboyà obìnrin máa ń já sí nìyẹn. N kò ní gbèjà ẹni tó ń fìyà jẹ ẹrú. Ìkà kì í ṣe ọmọlúàbí, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀sùn tí Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, kà sí i lẹ́sẹ̀ ní 1874, gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀: pé kò bá òun lọ sójú ogun, pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun níbẹ̀, pé kò jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi láti kí òun kú àbọ̀. Mẹ́ta ni ẹ̀sùn náà, ẹrú kankan kò sí nínú wọn. Ìwà tó yẹ kí wọ́n bá a wí lé lórí, wọ́n fò ó. Ohun tó kọ̀ láti ṣe fún Ààrẹ ni wọ́n fi dá a lẹ́bi. Wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì pa á lọ́dún náà. Òṣùwọ̀n yìí kò tíì kúrò lọ́wọ́ wa. Bí ọkùnrin bá kọ ohun tí kò fẹ́, a ní ó mọ ohun tó ń ṣe. Bí obìnrin bá kọ̀ ọ́, a ní ó gbójú, a ò sì ní béèrè bóyá ohun tó kọ̀ náà dára tàbí kò dára.

Bí a bá fẹ́ mọ bí ìgboyà ṣe ń dàgbà, Abẹ́òkúta ni kí a lọ. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kọ́kọ́ ń darí níbẹ̀, kó tó di pé obìnrin ọlọ́jà kan ní òun fẹ́ mọ̀ ọ́n kà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọlọ́jà níwèé. Nígbà tó di 1946, ẹgbẹ́ náà ti di ti gbogbo obìnrin ìlú. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí kéré lójú: ìyá náà bọ́ gáùn sílẹ̀, ó ń ró ìró, ó ń wọ bùbá, ó sì ń sọ Yorùbá fún àwọn aláṣẹ òyìnbó kí wọ́n lè wá ògbufọ̀ fúnra wọn. Obìnrin tó jókòó tì í ní ìró àdìrẹ kò ní ìdí mọ́ láti rò pé èdè òun kò tó èyí tí a ń fi bá ìjọba sọ̀rọ̀. Láti 1918 ni àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ti ń san owó orí tiwọn lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ obìnrin kan kò sí nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná an. Wọ́n kọ̀wé ẹ̀bẹ̀, wọ́n tún un kọ. Nígbà tí kò sí ìdáhùn ni wọ́n dé ààfin ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ní 1947, tí wọ́n ń fi orin bú ọba. Ní oṣù kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi orí ìtẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì mú owó orí kúrò lórí obìnrin. Ẹnìkan lè ní orin tí wọ́n fi bú ọba kò bá ìwà ọmọlúàbí mu. N kò ní bá a jiyàn lórí orin. Kí ó kàn rántí pé ìwé ẹ̀bẹ̀ ló ṣáájú, etí tí kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ló sì fa orin.

Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí. Oyè Ìyálóde ti wà kí òyìnbó tó dé. Ìjọba òyìnbó ló dá ìgbìmọ̀ tí kò sí àga obìnrin sílẹ̀. Wọ́n tún ní ilé obìnrin tó gbóyà kì í pẹ́ tú. Ilé tí àwọn ìyá ìyá wa gbé, òwò ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, wọ́n ń dá iye lé ọjà, wọ́n ń sin gbèsè lọ́wọ́ ọkùnrin, ọkọ wọn pẹ̀lú sì ń yá owó lọ́wọ́ wọn nígbà tí nǹkan bá há. Ìgboyà náà ni wọ́n fi ń rí oúnjẹ fún ọmọ.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọbìnrin kékeré tí ìyá rẹ̀ ń fi oríkì jí láràárọ̀, tó ń pè é ní Àṣàkẹ́, Àbẹ̀kẹ́, orí rẹ̀ á wú, á yan. Bí ó bá di ọmọ ọdún méjìlá, ẹnu tó ń kì í náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ní, “Ọ̀rọ̀ rẹ pọ̀ jù, ta ni yóò fẹ́ ọ?” Wọn á bi àbúrò rẹ̀ ọkùnrin léèrè ohun tó rò nígbà tí ọmọbìnrin náà ń fọ abọ́. Bí ó bá sọ ọ̀rọ̀ lọ́nà tí kò yẹ, “pa ẹnu mọ́” ni wọ́n máa ń sọ fún un, nígbà tó jẹ́ pé “tún un sọ bí a ṣe ń sọ ọ́ fún àgbà” ni ìbá kọ́ ọ ní ìwà tí kò sì ní gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Jẹ́ kí ó ná ọjà kí ó sì wá ṣàlàyé iye tó rà á. Jẹ́ kí ó jókòó níbi tí ẹbí ti ń pètepèrò, kí a sì dúró gbọ́ ọ dé òpin. Ìkúnlẹ̀ kò dí ẹnu. Ọmọbìnrin lè kúnlẹ̀, kí ó ní, “Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe sí ilẹ̀ yẹn kò tọ́ lójú mi,” kí yàrá sì dákẹ́ fún un bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ fún àlágà.