Ta Ni Ó Gbẹ́ Kòtò Náà?

Òwe kan wà tí kò sí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n: ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Bí wọ́n bá béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ nínú ìdánwò, akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ ọ́ pé kí ènìyàn máa fi ìṣubú ẹlòmíràn ṣe àríkọ́gbọ́n. Olùkọ́ yóò fún un ní máàkì rẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ tú òwe náà wò, ènìyàn méjì péré ni a ó bá nínú rẹ̀, ẹni tí ó jìn àti ará yòókù tí ó ń wò ó. Kò sí ẹni kẹta. Òwe náà kò dárúkọ ẹni tí ó gbẹ́ kòtò, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ìdí tí ó fi gbẹ́ ẹ tán tí ó sì fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu sí ọ̀nà.

Àwọn ará Abúlé Ẹ̀gbá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ́ṣọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, ní ìdí láti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú. Kò sí òkè, kò sí ihò tí ẹnikẹ́ni ti wa wúrà tàbí èédú. Ṣùgbọ́n ọrọ̀ ilẹ̀ ń gba ìtòsí ilé wọn kọjá nínú páìpù irin. Ní òru tí ó mọ́jú ọjọ́ 26, oṣù Kejìlá, ọdún 2006, èyí tí í ṣe ọjọ́ kejì Kérésìmesì, àwọn olè lu páìpù epo bẹntiróòlù ibẹ̀. Wọ́n gbà á sínú ọkọ̀ ńlá, wọ́n bá tiwọn lọ, wọn kò sì dí ojú ihò náà. Epo ń ṣàn. Ọ̀wọ́n epo sì wà ní Èkó ní àkókò náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, tọkùnrin tobìnrin, tọmọdé tàgbà, ti gbé garawa, kẹ́ẹ̀gì àti ọ̀rá débẹ̀. Iná sọ. Òkú tí Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa kà ju 260 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹbí wọn kò sì lè dá mọ̀ mọ́.

Èéfín náà kò tíì rọlẹ̀ tán tí ìdájọ́ fi dé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn: àfọwọ́fà ni. Ta ni ó rán wọn níṣẹ́? Ojúkòkòrò ni ó pa wọn. Yorùbá ti pín ìyọnu sí ọ̀nà méjì tipẹ́, èyí tí í ṣe àmúwá Ọlọ́run àti èyí tí í ṣe àfọwọ́fà. Bí ó bá jẹ́ àmúwá Ọlọ́run, a ó bá olóhun kẹ́dùn. Bí ó bá jẹ́ àfọwọ́fà, a ó mi orí, a ó sì pòṣé. Ìpín yìí wúlò, nítorí òun ni kì í jẹ́ kí ọ̀lẹ máa fi Ọlọ́run bojú. Àbùkù rẹ̀ ni pé bí a bá ti gbọ́ àfọwọ́fà, ọwọ́ ẹni tí ó kú nìkan ni ojú wa ń lọ. A kì í béèrè bóyá ọwọ́ mìíràn ti fà á kí tirẹ̀ tó kàn án. Ẹni tí ó kó epo ọkọ̀ ńlá kan lọ kò jó. Ẹni tí ó gbọ́n epo garawa kan ni ó jó, òun kan náà ni a sì ń bá wí.

Kí a lè rí ọ̀rọ̀ yìí kedere, ó yẹ kí a kúrò ní Èkó ná, kí a lọ sí ibi tí kòtò ti jẹ́ kòtò gan-an, ibi tí àwọn awakùsà ti dé, tí wọ́n wa ilẹ̀, tí wọ́n sì ti lọ. Ní òkè Údì, ní ẹ̀bá ìlú Ẹnúgù, ọdún 1909 ni àwọn òyìnbó rí èédú nínú ilẹ̀. Ní ọdún 1915 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á. Èédú yìí ni ọkọ̀ ojú irin fi ń rìn, òun ni wọ́n sì fi ń pèsè iná mànàmáná. Ní àfonífojì Iva, láàárín òkè, ni àwọn ọlọ́pàá ti yìnbọn pa òṣìṣẹ́ 21 ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1949, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń jà fún owó iṣẹ́ wọn. Nígbà tí ó yá, ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í lo dísẹ̀lì, ogun abẹ́lé ti ọdún 1967 sí 1970 ba iṣẹ́ jẹ́, epo rọ̀bì sì gba ojú ìjọba. Ihò Iva, ti Onyeama àti ti Okpara di ohun ìpatì. Omi tí ó pọ́n bí irin tí ó ti dógùn-ún ń ṣàn láti inú wọn bọ́ sínú odò.

Àwọn kan a máa wọ irú ihò bẹ́ẹ̀ lọ wò. Ebi kọ́ ni ó lé wọn débẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ bí ibi tí àwọn bàbá ti ṣiṣẹ́ ti rí ni. Ewu tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti iwin. Igi tí wọ́n fi gbé òrùlé ihò ró ti jẹrà. Ohun tí ènìyàn pè ní ilẹ̀ lè jẹ́ pákó tí ọ̀gbun wà lábẹ́ rẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni èyí tí ojú kò rí: afẹ́fẹ́ inú ihò tí a ti pa tì lè má tó mí mọ́, kò sì ní òórùn tí yóò kìlọ̀ fún ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn awa-èédú máa ń gbé ẹyẹ kékeré nínú àgò wọlé, títí di ọdún 1986; bí ẹyẹ bá dákẹ́, tí ó sì ṣubú, wọn a mọ̀ pé ó tó àkókò láti sá jáde. Ẹni tí ó bá fi iná tẹlifóònù nìkan wọlé lónìí kò ní ẹyẹ.

Ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn fẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú òkùnkùn? Kò jọ bẹ́ẹ̀. Ìran tí ó ń kan sáárá sí ọdẹ kò lè wá sọ pé kí gbogbo ènìyàn jókòó sí ìdí ààrò títí. Ṣùgbọ́n ọdẹ kì í ṣàdédé wọ igbó. Ó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, ó mọ àmì, ó sì ti sọ fún ará ilé ibi tí òun ń lọ. Láìsí èyí, ohun tí à ń pè ní ìgboyà kò yàtọ̀ sí àìmọ̀kan. Ó ku ohun kan síbẹ̀. Bí ẹni tí ó lọ wo ihò bá há sínú rẹ̀, àwọn ẹlòmíràn ni yóò wọlé lọ gbé e, ẹ̀mí tiwọn náà yóò sì wà nínú ewu. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ẹ̀mí òun ni, kò kan ẹnì kan, kò tíì sọ òtítọ́ tán.

Ní àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, bí i Nevada àti California, àwọn ihò wúrà àti fàdákà tí a ti pa tì pọ̀ nínú ọ̀gbun àárín òkè, àwọn ènìyàn sì ń wá wọn kiri fún ìgbádùn. Ìjọba ibẹ̀ a máa dí òmíràn pa, a sì máa fi irin ṣe ilẹ̀kùn sí òmíràn, irin tí àyè wà láàárín rẹ̀ kí àdán lè máa ráyè wọlé, kí ó sì ráyè jáde. Ẹ wo ibi tí ìrònú dé: wọ́n ro ti àdán. Ní ilẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ ihò ni ó wà tí a kò tíì ro ti ọmọ ènìyàn nípa rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ọ̀rọ̀ náà tún lọ́jú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wúrà wà nínú ilẹ̀ ní agbègbè Ìtagúnmodì àti Ìperindó. Láti ọdún 1913 ni iṣẹ́ wúrà ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ó gbilẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, kí àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó tó fi í sílẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Lẹ́yìn wọn, àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe ni ó gbé ṣọ́bìrì àti díígà. Wọ́n ń gbẹ́ kòtò láàárín oko kòkó, wọ́n ń fi omi ṣan yẹ̀pẹ̀, bí wúrà bá sì tán níbì kan, wọn a ṣí lọ sí ibòmíràn. Òjò a rọ̀ kún kòtò. Ẹrẹ̀ a wọ́ bọ́ sínú odò. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn ará Òṣogbo rí i pé omi Ọ̀ṣun ti yí padà, ó pọ́n, àní níbi ojúbọ tí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005. Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, kò rọrùn mọ́ láti na ìka sí òyìnbó. Ẹni tí ebi lé wọ kòtò lánàá ni ó ń gbẹ́ kòtò tuntun sílẹ̀ lónìí. Ìṣẹ́ lè ṣàlàyé ìdí tí ó fi gbẹ́ ẹ. Kò ṣàlàyé ìdí tí kò fi dí i. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, òtítọ́ ni; ṣùgbọ́n ọmọ tí yóò já sí kòtò náà, ebi ń pa òun náà.

Ní ọ̀pọ̀ ọgbà ilé ní Èkó, kànga kò ṣọ̀wọ́n. Bí baálé kan bá gbẹ́ kànga tí kò bò ó, tí ọmọ aládùúgbò sì já sí i, kò sí ẹni tí yóò bi òkú ọmọ léèrè ohun tí ó wá lọ síbẹ̀. Baálé ni wọn yóò dojú kọ. Ọdẹ tí ó gbẹ́ ọ̀fìn sínú igbó náà mọ̀ pé òun ní láti fi àmì sí ọ̀nà, kí ọmọ ènìyàn má baà bá ti ẹran lọ. Ààlè tí a fi sí ìdí igi eléso ń sọ pé ohun yìí ní olúwa. Àmì ẹ̀bá ọ̀fìn ń sọ pé ohun yìí ní ewu. Kò di ìgbà tí ìjọba kan bá kọ òfin kí ìlànà yìí tó yé ènìyàn.

Àwọn kan yóò ní ọmọdé ni ọmọdé, àgbàlagbà ni àgbàlagbà. Ẹni tí ó mọ̀ pé bẹntiróòlù ń gbiná, tí ó sì gbé garawa lọ bá a, kò ṣeé fi wé ọmọ tí ó já sí kànga. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí a bá sọ pé àgbàlagbà kò lẹ́bi nítorí pé ó jẹ́ tálákà, a ti sọ ọ́ di ọmọdé, a sì ti gba iyì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ṣì í ni bí wọ́n ti ń pín ẹ̀bi. Wọ́n ń pín in bí iṣu inú abọ́: bí ti ẹnì kan bá tóbi, ti ẹnì kejì ní láti kéré. Ẹ̀bi kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ kòtò lè ru ẹ̀bi tirẹ̀ ní kíkún, kí ẹni tí ó gbẹ́ kòtò náà ru tirẹ̀ ní kíkún, láìjẹ́ pé èkíní dín èkejì kù. Àwọn àgbà ni wọ́n ní kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó padà wá fi àbọ̀ bá adìyẹ. Wọn kò ní kí a má bá adìyẹ wí. Ètò ni wọ́n ń tò.

Àríkọ́gbọ́n ńkọ́? Iná irú ti Abúlé Ẹ̀gbá ti pa ènìyàn tí ó ju 1,000 lọ ní Jesse, ní ìpínlẹ̀ Delta, ní oṣù Kẹwàá ọdún 1998. Ìròyìn rẹ̀ kárí ilẹ̀. Ọdún 8 lẹ́yìn náà ni ti Abúlé Ẹ̀gbá ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 19, oṣù Kìíní, ọdún 2020, páìpù epo tún gbiná ní Abúlé Ẹ̀gbá kan náà, ẹ̀mí àti dúkìá sì tún ṣòfò. Bí ẹni tí ó jìn bá ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n ní tòótọ́, ọgbọ́n ì bá ti kún àdúgbò náà dé ẹnu. A lè sọ pé ará yòókù kò gbọ́n. A sì lè sọ pé ibi tí kò yẹ ni a ti ń wá ará yòókù. Ẹni tí ó ni páìpù, tí ó mọ ibi tí ó gbà, tí owó àti agbára láti ṣọ́ ọ sì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, ará yòókù ni òun náà. Òun ni ó yẹ kí òwe náà kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.

Àwọn ará Aberfan ní ilẹ̀ Wales mọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí a bá gbàgbé ẹni yìí. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹwàá, ọdún 1966, òkìtì pàǹtí tí wọ́n kó jáde láti inú ihò èédú ya lé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lórí. Ènìyàn 144 ni ó kú. Ọmọdé ni 116 nínú wọn. Ìgbìmọ̀ ìwádìí dá ilé-iṣẹ́ èédú ìjọba lẹ́bi. Síbẹ̀, nígbà tí ó di pé kí wọ́n palẹ̀ àwọn òkìtì yòókù mọ́ kúrò lórí òkè, ìjọba gba 150,000 pọ́n-ùn nínú owó tí àwọn ènìyàn dá jọ fún àwọn tí ọ̀fọ̀ náà ṣẹ̀. Ọdún 1997 ni wọ́n tó dá a padà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú ni ó tún san owó àtikó ohun tí ó pa á.

Ní Nàìjíríà, òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ni ó ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì àti epo tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀, ilẹ̀ ẹni yòówù kí ó jẹ́. Òfin Ìwakùsà ti ọdún 2007 sì là á sílẹ̀ pé ẹni tí ó bá wa ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Èyí dára fún kòtò tí à ń gbẹ́ lọ́wọ́. Àwọn kòtò tí ó ti wà kí òfin tó dé ńkọ́, tí ilé-iṣẹ́ tí ó gbẹ́ wọn ti kógbá sílé, tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì ti kú sí ìlú wọn? Nínú àṣà Yorùbá, ẹni tí ó jogún oko bàbá rẹ̀ kò lè sọ pé òun kò mọ gbèsè tí ó wà lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá pe wúrà abẹ́ ilẹ̀ ní tòun ni ó yẹ kí ó pe ihò rẹ̀ ní tòun.

Èyí kò wá túmọ̀ sí pé kí a kàn máa ro yẹ̀pẹ̀ sí gbogbo ihò. Ní òkè Jos, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wa tánganran, irin funfun tí wọ́n fi ń bo ara agolo, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900. Kí iye owó rẹ̀ tó já lulẹ̀ ní ọjà àgbáyé ní ọdún 1985, iṣẹ́ náà ti ń kú lọ. Àwọn ihò tí ó kù di adágún omi. Àwọn ọmọdé ń rì sínú wọn. Ṣùgbọ́n ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, inú adágún wọ̀nyí kan náà ni àwọn àgbẹ̀ ti ń fa omi sí oko tòmátì àti oko ẹ̀fọ́ wọn. Bí ìjọba bá rán katakata wá lọ́la láti dí wọn, ìyá tí ọmọ rẹ̀ rì níbẹ̀ yóò dúpẹ́; àgbẹ̀ yóò béèrè ibi tí òun yóò ti rí omi. Ó sì lè jẹ́ pé inú ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé.